Orin Jẹ́jẹ́ Níbi Àpéjọ Oṣù Kẹwàá: Ṣé Tiwa Ni Tàbí Ti Òyìnbó?

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó wà níjókòó kí n tó la ẹnu mi, nítorí ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ bá mi tún un ṣe, ẹ má fi ṣe ìbínú.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni ìtàn orin jẹ́jẹ́, èyí tí a máa ń fi ohun èlò nìkan ṣe, láìsí akọrin, ní wákàtí àkọ́kọ́ àpéjọ wa ti oṣù kẹwàá. Gbogbo wa la mọ̀ pé nǹkan mẹ́ta ni oṣù yẹn kó pọ̀ fún wa. Ọjọ́ kìíní rẹ̀ ni àyájọ́ òmìnira Nàìjíríà. Inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń ṣe ìdúpẹ́ ìkórè. Ìparí rẹ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé máa ń gba ìsinmi ọlọ́sẹ̀ kan. Ewé igi ń wọ́ ní Plumstead Common, ilẹ̀ ń tètè ṣú, òtútù ti ń kan ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ni àwa náà ń pé jọ láti jẹun, láti dúpẹ́, kí àgbà fojú kan àgbà, kí ọmọ sì mọ ẹbí rẹ̀.

Ní ìpàdé gbogbogbòò wa, ọ̀rọ̀ orin yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní kí a yọ ọ́ kúrò, kí DJ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìgbà tí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn bá ti ṣí. Wọ́n ní ti òyìnbó ni fáólìn àti dùùrù, pé Yorùbá kò ní orin tí a ń jókòó gbọ́, àti pé orin tí kò bá mú ni jó, orin ilé òkú ni. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ìyá wa àgbà, ní kí a má fọwọ́ kàn án, nítorí wákàtí yẹn nìkan ni àwọn fi ń gbọ́ ohùn ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ béèrè bóyá ọmọ Yorùbá kan tilẹ̀ wà tó ti ṣe irú orin yìí rí. Kò sẹ́ni tó rí èsì fún un. Èsì náà wà, ó sì pọ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní London yìí gan-an.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn kan rò pé orin tí kò bá ní akọrin kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Lọ́dọ̀ tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè olóhùn ni èdè wa: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè, èyí tí àwọn olùkọ́ wa fi dò, re, mí kọ́ wa. Bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ yí. Ọkọ ni baálé ilé, ọkọ́ ni a fi ń roko, ọkọ̀ ni a wọ̀ dé ibí, ọ̀kọ̀ sì ni ohun ìjà. Nítorí náà, ohun èlò tó bá lè gbé ohùn sókè, tó sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ti di ẹni tó lè sọ̀rọ̀. Ohun tí onídùndún ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá ń fún ọsán ìlù mọ́ abẹ́ apá. Kò la ẹnu, síbẹ̀ ẹni tó gbọ́ èdè ìlù mọ̀ bóyá oríkì òun ló ń ki tàbí ìkìlọ̀ ló ń ṣe fún òun.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìlù ni ti ijó. Ní ààfin, onílù a máa jí ọba láàárọ̀, a máa to orúkọ àwọn ọba tó ti wàjà ní ẹsẹẹsẹ. Kò sẹ́ni tó ń jó níbẹ̀, àfetísílẹ̀ ni. Ẹ wo agídìgbo, àpótí pákó tí a kan irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ lójú, tí a ń fi ìka ta. Ohùn rẹ̀ kò lè borí ariwo ọjà, ṣùgbọ́n òun ni àwọn àgbà fi pa òwe pé bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Òwe yẹn nìkan tó láti parí ìjà wa. Ohun tó ń sọ ni pé orin kan wà tí etí àti làákàyè ń kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹsẹ̀ tó mọ̀ sí i. Fèrè wà pẹ̀lú, gòjé tó ti Òkè Ọya wá bá wa náà sì wà. Ẹni tó bá ti rí gòjé rí mọ̀ pé ìbátan fáólìn ni: okùn ni, ọrun la sì fi ń fà á.

Nígbà tí àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dùùrù bá wọn dé, ìṣòro kan sì yọjú. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn orin náà ṣì jẹ́ ti òkè òkun. Ó ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ sì ń dàrú lẹ́nu ìjọ. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ láti tún un ṣe ni Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tí wọ́n bí ní 1884. Ó wá sí London, ó kọ́ iṣẹ́ dùùrù ní Trinity College of Music láti 1911 sí 1914. Nígbà tó padà sí Èkó, ó di ọ̀gá orin ní Christ Church, tó di kàtídírà lẹ́yìn náà, ó sì wà nídìí iṣẹ́ yẹn títí di 1962. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Ohun tó dúró lé ni pé ohùn orin gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn. Ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn èyí yọ: bí ohùn orin bá ti bá ọ̀rọ̀ mu, a lè yọ akọrin kúrò kí a fi dùùrù nìkan ṣe é, Yorùbá tó jókòó yóò ṣì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tó ń gbé Woolwich, ẹ gbọ́ èyí náà: iléèwé tí Phillips lọ ti kó wá sí Greenwich láti 2001. Ẹ ó wọ bọ́ọ̀sì débẹ̀ láti ibi tí a jókòó sí yìí.

Kí Phillips tó wọ ọkọ̀ ojú omi, orin Yorùbá kan ti ṣáájú rẹ̀ dé ilẹ̀ yìí. Ẹ mọ ìtàn Sarah Forbes Bonetta, ọmọbìnrin Òkè-Ọ̀dàn tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọ̀gágun ojú omi kan, Forbes, gbà á lọ́wọ́ Ọba Ghezo ní 1850, ó mú un wá sí Ìlú Ọba, Ọbabìnrin Victoria sì gbà á sọ́dọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tọ́jú. Apá kan nínú ìgbà èwe rẹ̀, ó lò ó lọ́dọ̀ ìdílé míṣọ́nnárì kan ní agbègbè Chatham, ní Kent tó bá wa pààlà níbí. Ní 1862 ó fẹ́ J. P. L. Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá, ní Brighton. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1863, Ọbabìnrin ló ṣe ìyá ìsàmì fún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní Victoria. Victoria yìí ló wá fẹ́ Dókítà John Randle ti Èkó.

Ní Croydon, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Samuel Coleridge-Taylor. Wọ́n bí i ní London ní 1875. Dókítà ọmọ Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń ta fáólìn, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù láàárín àwọn tó ń ṣẹ̀dá orin ní ilẹ̀ yìí nígbà náà. Ní 1905 ó gbé ìwé orin 24 jáde fún píánò nìkan, orin àwọn aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà àti Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Oloba. Orin Yorùbá ni, Victoria Randle ló sì fún un. Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí orin Yorùbá ti ń dún lórí píánò ní gúúsù London, jẹ́jẹ́, láìsí akọrin. Ọmọ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ló pa á mọ́, òun náà ló sì fi lé olórin lọ́wọ́.

Ìlú tí a wà yìí náà ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ orin, ó sì kàn wá. Ní 1762, lójú ogun ní Jámánì, ni àwọn ológun oníbọn ńlá tí à ń pè ní Royal Artillery dá ẹgbẹ́ olórin wọn sílẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó wà nínú àdéhùn wọn pé kí wọ́n mọ àwọn ohun èlò tí a ń fọn, kí wọ́n sì tún mọ fáólìn àti àwọn olókùn yòókù. Woolwich ni wọ́n fi ṣe ibùdó fún ohun tó lé ní igba ọdún. Bándì ológun bí irú èyí ni àwọn amúnisìn kó lọ sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ènìyàn wa gba ipè àti ìlù náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi tiwọn kún un, wọ́n yí i padà. Ọ̀nà yẹn wà lára àwọn ọ̀nà tí háíláìfù gbà wáyé.

Àmọ́ orin nìkan kọ́ ni wọ́n kó lọ. Arsenal tó wà nísàlẹ̀ ìlú wa yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ìbọn ńlá títí di 1967. Ilẹ̀ àbàtà tí a kọ́ Thamesmead lé lórí, tí àwọn olùgbé àkọ́kọ́ wọ̀ ní 1968, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ Arsenal, tí wọ́n ń kó ohun ìjà pamọ́ sí, tí wọ́n sì ti ń dán an wò. Ìbọn Maxim ni wọ́n fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní 1892. Ilé iṣẹ́ Maxim nígbà náà wà ní Crayford àti Erith, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún wa pé ariwo ni àmì agbára, kí ó wo ilẹ̀ tó fẹsẹ̀ tẹ̀. Ilẹ̀ yìí ti gbọ́ ariwo tó.

Mo wá dé orí ẹni tí mo torí rẹ̀ sọ gbogbo èyí, Olúfẹlá Ṣówándé. Wọ́n bí i ní 1905. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, ó sì jẹ́ olùkọ́ tó fẹ́ràn orin. Ní Èkó, Ṣówándé kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Christ Church, abẹ́ Phillips tí mo ti dárúkọ ló sì ti kọ́ dùùrù. Ní 1934 ó wá sí London. Kí ó lè jẹun, ó ń ṣeré ní àwọn ilé ijó alẹ́, ó ń ta orin jáàsì, ó sì bá Adelaide Hall, gbajúmọ̀ akọrin ọmọ Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán ó ń kàwé. Ní 1943, nígbà tí ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, ó gba oyè ìjìnlẹ̀ ti Royal College of Organists, ó sì gba ẹ̀bùn ìdíje mẹ́ta kún un. Láti 1945 títí di 1952, òun ni atẹdùùrù àti olórí akọrin ní Kingsway Hall, gbọ̀ngàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní àárín London. Ẹ rò ó wò: lọ́jọ́ ìsinmi, nígbà tí àwọn ará London bá ń wọlé jókòó, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọmọ Yorùbá ló wà nídìí dùùrù. Gbọ̀ngàn náà kò sí mọ́, wọ́n wó o ní 1998. Ṣùgbọ́n àwọn orin tó kọ sílẹ̀ fún dùùrù wà nínú ìwé, púpọ̀ nínú wọn dúró lé ohùn orin Yorùbá. Ọ̀kan ń jẹ́ Oyigiyigi, orúkọ tí a fi ń pe Ọba Òkè.

Ní 1944, ọdún tí bọ́ǹbù tún ń já lu London, tó sì ń ba ilé jẹ́, Ṣówándé kọ iṣẹ́ kan tó yẹ kí gbogbo ilé Yorùbá mọ̀. African Suite ni orúkọ rẹ̀. Orin márùn-ún ni, fún àwọn ohun èlò olókùn àti háàpù nìkan. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sí ipè, kò sí akọrin. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọjọ́ ayọ̀, ohùn orin Ephraim Amu, àgbà olórin ilẹ̀ Ghana, ni ó gbé e lé. Èkejì jẹ́ ti àárò ilé. Òmíràn nínú wọn jẹ́ orin tí a fi ń rẹ ọmọ kí ó sùn. Òmíràn ń jẹ́ Onipe. Èyí tó kẹ́yìn ni Akinla, háíláìfù ni ó sì mú un jáde láti inú rẹ̀. Iléeṣẹ́ BBC gbé iṣẹ́ náà sáfẹ́fẹ́ sí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rí i bí ọ̀nà ṣe yí po: orin tí bándì ológun gbé jáde láti ibí lọ sí etí òkun wa, ó di háíláìfù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa, Ṣówándé sì tún mú un padà wá sí London, ó fi lé fáólìn lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbọ́ Akinla yóò mi orí, bóyá yóò tún mi èjìká, síbẹ̀ yóò lè máa bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ lọ.

Ní Kánádà, ètò orin kan wà lórí rédíò CBC tí Clyde Gilmour ń ṣe láti 1956 sí 1997. Akinla ni wọ́n fi ń ṣí i. Fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ará Kánádà ń gbọ́ orin Ṣówándé nínú ilé wọn. Àwa tí a bí i, mélòó nínú wa ló lè dá a mọ̀?

Ní 1953 Ṣówándé padà sí Nàìjíríà, ó di olórí ẹ̀ka orin ní iléeṣẹ́ rédíò ìjọba. Nígbà tí òmìnira dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, ó kọ iṣẹ́ ńlá kan fún ọ̀kẹ́sítírà láti fi ṣàmì rẹ̀, èyí tó pè ní Folk Symphony. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ṣe àyájọ́ òmìnira pẹ̀lú orin ohun èlò, a kò dá àṣà tuntun sílẹ̀. Ó ti wà nínú òmìnira náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Lẹ́yìn náà, Ṣówándé lọ kọ́ àwọn ènìyàn ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1987. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ fún ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwọn onídùùrù nìkan ni mo mọ̀, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ Ọládípúpọ̀ Adékọ̀yà Campbell, tí ayé mọ̀ sí Ambrose Campbell. Wọ́n bí i ní Èkó ní 1919, ó sì dé London nígbà ogun. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1945, nígbà tí ogun parí ní Yúróòpù, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé gìtá àti ìlù jáde sí Piccadilly Circus, wọ́n sì bá àwọn ará ìlú yọ̀. Ní ọdún kejì wọ́n dá West African Rhythm Brothers sílẹ̀. Ní Soho ni wọ́n ti ń ṣeré fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohùn gìtá wọn rọlẹ̀ bí ẹmu àárọ̀, ìlù ń tẹ̀ lé e kẹ́sẹ́kẹ́sẹ́. Ó kú ní 2006. Orin tí Campbell ṣe àti èyí tí Ṣówándé ṣe kò jọra, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì mọ̀ pé ènìyàn lè fi orin kún ilé láìlé ọ̀rọ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀.

Iná náà kò tíì kú. Tunde Jegede, tí wọ́n bí ní London ní 1972, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ agbẹ́gilére láti Èkìtì, ń ta cello, ó sì lọ kọ́ kora, háàpù àwọn Mandinka, ní Gámbíà. Ó ń fi méjèèjì ṣe orin tó tutù lára. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ọ̀kẹ́sítírà Chineke!, tí Chi-chi Nwanoku dá sílẹ̀ ní 2015, ta African Suite níbi àjọ̀dún orin Proms ní Royal Albert Hall. Wọ́n ta orin Coleridge-Taylor náà lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ṣì sọ pé òyìnbó ló ni fáólìn, òyìnbó ló ni dùùrù, pé aṣọ Yorùbá lásán ni Ṣówándé wọ̀ fún orin wọn. Ẹ wo ara yín bí ẹ ti jókòó yìí. Aṣọ léèsì tó wà lára wa, ilẹ̀ Austria ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá láti àwọn ọdún 1960. Ta ló ń pè é ní aṣọ òyìnbó? A gbà á, a rán an ní agbádá, a dá a ní bùbá àti ìró, a fi gèlè lé e lórí, ó di tiwa, àwọn tó ń hun ún fúnra wọn sì mọ̀ pé tiwa ni. Òkè Ọya ni gòjé ti wá, a kò dá a padà. Kì í ṣe ibi tí nǹkan ti wá ló ń sọ ọ́ di tẹni, bí kò ṣe ohun tí a fi ṣe. Bí ohun èlò bá ti ń sọ̀rọ̀ ní ohùn wa, ó ti gbọ́ Yorùbá nìyẹn.

Kí ló wá kàn wá nínú ìtàn yìí? Nǹkan méjì ni. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn àgbà. Àwọn bàbá àti ìyá wa kan wà ní Thamesmead tó jẹ́ pé àpéjọ yìí nìkan ló ń mú wọn jáde láti ìgbà tí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀. Etí wọn kò gbọ́ dáadáa mọ́. Bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá ti ń bú ramúramù láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn yóò jókòó bí ère, wọn yóò jẹ ìrẹsì wọn, wọn yóò sì padà sílé láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìtàn ìdílé tó yẹ kí wọ́n sọ fún ọmọ-ọmọ wọn, wọn yóò gbé e lọ sílé bí wọ́n ṣe gbé e wá.

Èkejì ni ti àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ wa ń kọ́ fáólìn, cello, fèrè àti píánò ní iléèwé. Tí wọ́n bá dé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, púpọ̀ nínú wọn a máa fi í sílẹ̀. Iléèwé ni wọ́n ti ń ta á, ilé òyìnbó ni wọ́n rò pé ó ti wá, níbi tí àwọn ènìyàn wọn wà kò sẹ́ni tó ń sọ pé, ọmọ mi, gbé e jáde ká gbọ́. Ọmọ tó bá mọ̀ pé Ṣówándé ti jókòó nídìí dùùrù ní London ṣáájú òun, pé Victoria Randle ti fi orin Yorùbá lé olórin lọ́wọ́, kò ní máa ta fáólìn bí àlejò mọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé fún ìgbìmọ̀. Kí a fi wákàtí àkọ́kọ́ àpéjọ oṣù kẹwàá sílẹ̀ fún orin jẹ́jẹ́. Kí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ wa gan-an ni yóò ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ. Kí àwọn òbí bẹ olùkọ́ orin iléèwé kí ó bá wọn wá ìwé orin Ṣówándé àti ti Coleridge-Taylor, kí wọ́n fi ìsinmi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn múra sílẹ̀. Kí onídùndún wa jókòó láàárín wọn, kí ó fi ìlù rẹ̀ kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí àwọn ọmọ sì gbìyànjú láti mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kí a fún un ní ẹ̀bùn. Tí wákàtí náà bá pé, kí DJ gba ipò rẹ̀, kí a nawọ́, kí a jó títí ilẹ̀ yóò fi mì. Kò sẹ́ni tó ní kí Yorùbá má jó. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹnu kọ́kọ́ ríṣẹ́ ṣe kí ẹsẹ̀ tó gbà á.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Àwọn tó ṣáájú wa dé ìlú yìí kò ní ẹgbẹ́, wọn kò ní gbọ̀ngàn, síbẹ̀ wọ́n fi orin wa sílẹ̀ sínú ìwé àti sínú afẹ́fẹ́. Tiwa ni láti gbé e. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká ṣe púpọ̀ irú èyí láyé, kí àwọn ọmọ wa má ṣe pàdánù ohùn wa, kí òtútù ọdún yìí má mú ẹnikẹ́ni lọ nínú wa. Àṣẹ.